Kò Sí, Kò Sí Mọ́

Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Bàbá mi,

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ kékeré kan yé mi, lẹ́yìnkùlé, níbi tí mo ti ń sá aṣọ. Àlàájì tó máa ń kó eèpo ẹ̀wà wá láti Sábó fún àwọn àgbò Màmá gbé ọ̀kadà ẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó sì bi yín bó ṣe bi yín lọ́sẹ̀ méjì tó ṣáájú:

"Bàbá, Màmá Àgbò dà?"

Ẹ̀yin náà dá a lóhùn bí ẹ ṣe dá a lóhùn lọ́sẹ̀ méjì tó ṣáájú:

"Kò sí."

"Ó tún ti jáde? Hàbá! Màmá yìí, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í gbélé. Ẹ bá mi sọ fún un pé Àlàájì ti dé láti òkè Ọya o. Mo máa padà wá lọ́jọ́bọ̀."

"Ó dáa."

Ó sọ àpò eèpo ẹ̀wà kalẹ̀, ó ṣáná sí ọ̀kadà, ó lọ. Ẹ gbé àpò náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbò. Èmi dúró ti okùn aṣọ, mo ń tún ọ̀rọ̀ yín sọ lábẹ́ ahọ́n bí ọmọ iléèwé: kò sí, kò sí. Mo wá rí ohun tó sọnù níbẹ̀. "Mọ́" ni. Ẹ ò fi "mọ́" sí i. Ká ní ẹ sọ pé "Kò sí mọ́" ni, Àlàájì ì bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ì bá ti tẹ́wọ́ àdúà. Òkè Ọya ló wà nígbà tí gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀, ta ni yóò sọ fún un? Ẹ ní "Kò sí," ó sì rò pé Màmá lọ sọ́jà.

Bàbá, ẹ ò parọ́ fún un. Ẹ ò sì sọ òótọ́ fún un. Mi ò mọ̀ pé àyè kan wà láàárín méjèèjì nínú èdè yìí, tí ènìyàn lè gbé àga lọ jókòó sí. Láti ọjọ́ náà ni orí mi ti dàrú, òun ló sì jẹ́ kí n mú bírò.

Mo mọ̀ pé òbí ló ń kọ irú lẹ́tà yìí sí ọmọ. Ẹ̀yin náà kọ ọ̀kan sí mi nígbà tí mo wọ yunifásítì lọ́hùn-ún: ojú ewé mẹ́rin, ìmọ̀ràn méje, nọ́ńbà wà lára gbogbo wọn. Yorùbá ni ẹ fi kọ ọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mo wà nígbà tí àbúrò Màmá mú mi lọ sí ìlú òyìnbó, Yorùbá tí mo gbé lọ ò ju ti ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Mo ka "Àdùkẹ́ mi" tó wà lókè, mo ka orúkọ yín tó wà nísàlẹ̀, gbogbo àárín ṣókùnkùn sí mi. Mo dá yín lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ìlà méjì péré, pé kò yé mi, kí ẹ jọ̀ọ́ máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé. Ẹ sì gbọ́ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Láti ìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lé yín kúrò nínú Yorùbá nìyẹn. Ẹ mọ ìgbà kejì, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́tà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo kà á tán lóṣù tó kọjá, èmi àti ìwé atúmọ̀ èdè, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Èmi náà á fi nọ́ńbà sí tèmi. Ẹ má bínú sí àṣìṣe, ẹ má sì bínú pé ọmọ ló ń gba bàbá nímọ̀ràn. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mi ò tíì gbọ́n o. Ṣùgbọ́n ará Ifẹ̀ ni mí.

Ìkíní. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú ni, láàárọ̀. Àgbò funfun ń tiro, ẹ dì í mú lókùn, ẹ pè mí láti ẹ̀yìnkùlé:

"Àdùkẹ́! Lọ bá mi bi ìyá ẹ níbi tó fi òògùn àgbò yẹn sí."

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Mo to gbólóhùn mi lọ́kàn kí n tó là á sílẹ̀, torí mo máa ń tò ó. Mo ní:

"Bàbá, wọ́n ti kú."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí ojú fi ń ṣẹ́. Inú mi dùn pé mo rántí "wọ́n," pé mi ò sọ pé "ó ti kú," pé mo bọ̀wọ̀ fún ìyá mi, pé gbogbo àmì ohùn bọ́ sí ipò. Mò ń wojú yín bí ọmọ tó ń retí máàkì. Ẹ wò mí. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ tún okùn àgbò so. Ẹ wá ní:

"Táńkíù, Rẹ́nikẹ́."

Ẹ ò pè mí ní Àdùkẹ́ mọ́ láti ìgbà yẹn. Gẹ̀ẹ́sì dídán ni ẹ ń sọ sí mi, irú èyí tí wọ́n ń sọ sí oníbàárà ní báńkì. Gúdù mọ́níìn, Rẹ́nikẹ́. Nó, táńkíù, Rẹ́nikẹ́. Bẹ́ẹ̀ mo máa ń gbọ́ yín láàárọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbò: "Ta ló da omi yìí nù? Ìwọ ni, má wò mí. Ẹ jẹun, ẹ̀yin olórí kunkun." Àgbò ń gbọ́ Yorùbá, èmi ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Àǹtí, àbúrò yín, ní Ìpetumodù. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó. Wọ́n gbé àtẹ sílẹ̀.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní wọ́n ti kú."

"Ìyá tó bí ẹ lọ́mọ? Ṣé adìẹ ni ìyá ẹ ni? Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ni, Àǹtí."

"Ìwé! Adìẹ ló ń kú. Fóònù ló ń kú. Àgbà kì í kú, Rẹ́nikẹ́. Àgbà máa ń sùn ni. Àgbà máa ń relé. Tó bá wá le tán, o sọ pé wọn ò sí mọ́. Kí lo fẹ́ kí bàbá ẹ fi 'kú' ṣe láàárọ̀ kùtùkùtù?"

"Ṣùgbọ́n Bàbá ló ní kí n lọ bi wọ́n."

"Ẹnu ló ṣì wọ́n! Ẹnu tó ti ń pe obìnrin kan láti ogójì ọdún, ṣé o fẹ́ kó gbàgbé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni? O ò bá ní, 'Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá a.' Ó parí."

Ó parí. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó! Gbólóhùn kan tí mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ni, mi ò kàn mọ̀ pé òun ni ìdáhùn.

Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, ó ti fọ́. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà yín, nọ́ńbà karùn-ún, ẹ kọ ọ́ sí mi báyìí pé: "Bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, má sá fún ẹni tí o sọ ọ́ sí. Padà lọ tún un sọ." Mo ti padà dé, Bàbá. Ìmọ̀ràn tèmi fún yín sì ni pé bí ọmọ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí yín, kí ẹ̀yin náà má sá fún un. Ẹ jágbe mọ́ mi. Ẹ pè mí ní òmùgọ̀, ẹ ní orí mi ò pé. Ẹ ṣá fi Yorùbá ṣe é.

Ìkejì. Ìwé ara fíríìjì.

Nígbà tí mo dé, mi ò mọ ohun tí ẹni tó bá ní bàbá tí ìyàwó rẹ̀ ṣaláìsí máa ń ṣe. Mo ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́hùn-ún. Mo wá ìwé kan jáde nínú kọ̀ǹpútà, ìpele ọ̀fọ̀ lóríṣiríṣi, ti ìbínú, ti ẹkún, ti ìgbà tí ọkàn á balẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì kí ẹ lè máa wo ibi tí ẹ dé. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ti ṣí i kúrò, ẹ yí i padà, ẹ sì kọ ohun tí àwọn àgbò ń jẹ sí ẹ̀yìn ẹ̀: eèpo ẹ̀wà, eèpo iṣu, ewé ìpín, iyọ̀ díẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ lẹ ṣe tàbí bébà ni ẹ ò rí. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, mo tún sunkún díẹ̀. Mi ò mọ ìpele tí ìyẹn jẹ́.

Àṣìṣe tèmi rèé. Nígbà tí Màmá Àgbà, ìyá Màmá, relé (ẹ ò rí i, mò ń kọ́ ọ), ọdún kejì mi ní yunifásítì ni. Mi ò wálé. Mo wọ bàtà, mo lọ sí kíláàsì, mo rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní mo lágbára gan-an. Mo gbà wọ́n gbọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, mo rí agolo bisikíìtì aláwọ̀ búlúù, irú tí Màmá Àgbà máa ń fi gbogbo nǹkan pamọ́ sí àfi bisikíìtì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àwọn tó ń rajà, mo sunkún títí tí ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù fi gbé omi wá.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ lọ sípàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù, tí ìsìnkú ò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ, tí alága ní "Ọkùnrin gidi rèé!" tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Èmi náà ti jẹ́ ọkùnrin gidi rí. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́, Bàbá. Ẹ sunkún ní Ìlódè níbí, nínú ilé yín, kó má baà lọ ká yín mọ́ ibi tí ẹ ò ti mọ ẹnì kankan.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mo tún ń ṣiyèméjì. Bóyá ẹ ti ń sunkún, tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ àwọn àgbò lẹ ti ń sun ún, tí mi ò dá a mọ̀ pé ẹkún ni. Ẹ gba èyí tó bá yín mu níbẹ̀.

Ìkẹta. Obìnrin Ìpetumodù.

Ẹ ti mọ̀ nípa ẹ̀. Àǹtí ní àwọn ti sọ fún yín. Opó ni, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lòun àti Àǹtí jọ ń lọ, ẹnu rẹ̀ kì í pariwo, ó sì mọ ọbẹ̀ sè. Ọjọ́ ẹ̀gúsí yẹn náà ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Mo bi wọ́n, torí ọ̀rọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè:

"Àǹtí, tí ọkọ obìnrin bá ṣaláìsí, opó ni. Kí la wá ń pe ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ ò sí mọ́?"

"À ń pè é ní ẹni tó ń wá ìyàwó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún gbé àtẹ ẹ̀gúsí. Wọ́n ní: "Obìnrin ló ń ṣe opó, ọmọ mi. Ká ní bàbá ẹ ló lọ ni, ìyá ẹ ì bá jókòó ogójì ọjọ́, àwa obìnrin ilé la ò bá máa sùn tì í, la ò bá máa bá a dáná, kò ní dá wà. Ọkùnrin ò ní ìyẹn."

"Kí ni ọkùnrin wá ní?"

"Ìyàwó mìíràn. Ṣé o rí i báyìí?"

Mi ò rí i. Mo bínú. Mo ní bàbá mi ò wá kúùkù, mo sì kúrò níbẹ̀ láìdágbére, ìwà tí ẹ ò kọ́ mi. Nínú mọ́tò tó gbé mi bọ̀ ni mo tó bi ara mi léèrè ẹni tó ń dáná fún yín báyìí. Èmi ni. Síbí mẹ́ta lẹ máa ń jẹ, ẹ ó ti àwo sẹ́yìn. Bàbá, ṣé ọ̀fọ̀ ni, àbí ọbẹ̀ mi ni? Mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

Ìmọ̀ràn mi lórí èyí ni pé bí ẹ bá fẹ́ ẹ, kí ẹ fẹ́ ẹ. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ má fẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀ràn. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fagi lé e lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà kan mo kọ "ẹ má ṣe é," nígbà kan mo kọ "ó yẹ kí ẹ ní ẹnì kan." Méjèèjì jẹ́ òótọ́ lọ́kàn mi. Ohun kan tí mo lè sọ láìfagi lé e ni pé bí ó bá ṣe pé ogójì ọjọ́ lẹ fẹ́, ta ló sọ pé ọkùnrin ò lè jókòó ogójì ọjọ́? Ẹ jókòó. Èmi á máa sùn ní pálọ̀. Bí àwọn lándílọ́ọ̀dù bá wá pè yín sípàdé, màá sọ fún wọn pé ẹ ò sí.

Ìkẹrin. Bàálù.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí ẹ bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ máa ń bi mí ọjọ́ tí bàálù mi máa gbéra. Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń bi mí, Gẹ̀ẹ́sì yín ò sì ní ohùn kankan lábẹ́ ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ kí n lọ, tàbí ẹ̀rù ló ń bà yín pé mo máa lọ. Mo máa ń dáhùn pé mi ò tíì mọ̀, ẹ ó ní "Ókéè," gbogbo ẹ̀ á parí síbẹ̀. Iṣẹ́ mi, inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣe é, níbikíbi tí iná bá wà. Mo lè dúró. Mo lè lọ. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan ní Yorùbá, kí n lè gbọ́ ohun tí ẹ ń béèrè gan-an.

Mo fẹ́ dé ìkeje bíi tiyín. Kò lè ṣeé ṣe. Ìmọ̀ràn ti tán, ó ku ọ̀rọ̀ nìkan.

Mo wo "mọ́" nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ilẹ̀ mọ́. Aṣọ mọ́. Ó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó gbá mi mọ́ra. Kò sí mọ́. Mo ka gbogbo ẹ̀, mo pa ìwé dé. Tí mo bá ní Màmá ò sí mọ́, ṣé ẹnu mi kan náà ló tún ń gbá wọn mọ́ra? Mo pe Àǹtí. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì fún ìwà ọjọ́ yẹn, mo wá béèrè. Wọ́n ní àwọn ọ̀rọ̀ náà kàn jọra ni, pé kí n yéé da ara mi láàmú, kí n lọ jẹun. Bóyá wọ́n jàre. Ká ní Màmá ni mo bi, wọ́n á ti fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ná. Ọjọ́ tí mo pè wọ́n lórí fóònù pé mo ti ní ọkọ, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni mo rà, wọ́n ní: "Rẹ́nikẹ́, tún un sọ kí n gbọ́, kí n lè mọ̀ bóyá ijó ni kí n jó, àbí kí n gbàdúrà fún táyà." Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ mi báyẹn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sàmì sí àṣìṣe mi. Mi ò mọ ẹni tó máa rẹ́rìn-ín sí mi báyìí.

Mo ti rí òògùn àgbò. Láàárọ̀ òní ni. Ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ìkòkò ńlá, nínú agolo bisikíìtì, òun àti bọ́tìnì, àti ìdajì àbẹ́là, àti owú dúdú. Ìwà Màmá Àgbà ni Màmá jogún, ó yẹ kí n ti mọ̀. Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì dá yín lóhùn ohun tí ẹ ò béèrè. Ẹ jẹ́ kí n tún un dáhùn: Bàbá, inú agolo bisikíìtì ni Màmá fi í sí. Mo ti bá yín wá a. Mo gbé ìgò náà sórí tábìlì yín, abẹ́ ẹ̀ lẹ ti máa rí lẹ́tà yìí. Àgbò funfun ṣì ń tiro díẹ̀.

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Àlàájì á dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Bí ẹ̀yin lẹ bá dá a lóhùn, tí ẹ sì tún sọ pé "Kò sí," mi ò ní já yín. Màá máa sá aṣọ mi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èmi ló kọ́kọ́ rí, tó sì ní, "Màmá Àgbò dà?", kí ni kí n sọ fún un? Mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé, mo ti lò ó, ẹ sì rí ohun tó ṣe. Mi ò fẹ́ ti Àǹtí náà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n jù lọ, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí wọn. Mo wà nílé, mo wà ní kíṣìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kọ́ mi ní ohun tí mo máa sọ kó tó dé. Ní Yorùbá, Bàbá.

Àdùkẹ́ yín